Páìpù inú ikùn tó kó àrùn: Ìtàn bí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú itan aláìsàn ṣe di ọ̀nà àbáyọ

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 ni àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ti mọ bí wọ́n ṣe lè gé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jùlọ nínú ara èèyàn, kí wọ́n sì fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́ tí páìpù tí wọ́n fi aṣọ ṣe fi di ohun tí wọ́n ń lò jù.

Iṣẹ́ náà ti dóòlà ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri àgbáyé, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Àmọ́ ó mú ìbéèrè kan wá tó dẹ́rù ba àwọn dókítà fún ọ̀pọ̀ ọdún: kí ni kí wọ́n ṣe bí kòkòrò àrùn bá wọ inú aṣọ ọ̀hún?

Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, àrùn náà yóò pa aláìsàn. Bí wọ́n bá yọ ọ́, kò ní sí ohun tí yóò máa gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bí wọ́n bá sì fi aṣọ tuntun sí ojú ibi tí ọyún wà, kòkòrò lè tún wọ ìyẹn náà.

Nǹkan bíi 40 ọdún ló gbà kí ìdáhùn kan tó dúró dáadáa tó jáde. Ibi tí wọ́n sì ti rí i kò jìnnà rárá: inú itan aláìsàn fúnra rẹ̀ ni.

Kí ni aorta, kí ló sì máa ń ṣe é?

Irú iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pàtàkì ló wà nínú ara. Iṣan àlọ ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn lọ sí gbogbo ara. Iṣan àbọ̀ ń gbé e padà wá sínú ọkàn.

Aorta ni bàbá gbogbo iṣan àlọ. Ó jáde láti inú ọkàn, ó lọ sókè díẹ̀, ó wá tẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ gba inú àyà lọ sínú ikùn, níwájú egungun ẹ̀yìn. Nígbà tó bá dé nǹkan bíi déédéé ìdodo, ó pín sí méjì bí oríta, ẹ̀ka kan lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, èkejì lọ sí ẹsẹ̀ òsì.

Lára àgbàlagbà, aorta inú ikùn máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá pọ̀ débi pé bó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó wà lára èèyàn lè dà tán sínú ikùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àìsàn méjì ló sábà máa ń ṣe é. Àkọ́kọ́ ni kí ọ̀rá àti ohun líle dì mọ́ ògiri inú rẹ̀ títí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yóò fi há tàbí kó dí pátápátá. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní lè rìn jìnnà kí ẹsẹ̀ tó máa dùn ún, ẹsẹ̀ náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Èkejì ni kí ògiri rẹ̀ rọ, kó sì máa wú bíi bàlúùnù títí tí yóò fi bẹ́. Sìgá mímu, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọjọ́ orí wà lára ohun tó máa ń fà á.

Irú wíwú bẹ́ẹ̀ ló pa Albert Einstein, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ayé. Lọ́dún 1948, dókítà Rudolph Nissen ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní New York, ó sì fi ọ̀rá pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní cellophane yí ibi tó wú náà ká, kó má baà tètè bẹ́. Kò sí ohun tó sàn ju ìyẹn lọ lásìkò náà.

Ó fún Einstein ní ọdún mẹ́fà àti oṣù díẹ̀ sí i. Nígbà tó bẹ́ lóṣù kẹrin ọdún 1955, ó ní òun kò fẹ́ iṣẹ́ abẹ mìíràn mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù náà, lẹ́ni ọdún 76.

Láti ọwọ́ obìnrin tó ń kóṣẹ́ sí aṣọ nílùú Lyon

Kí ẹnikẹ́ni tó lè pààrọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń rán an. Ìtàn ìyẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikú ààrẹ kan.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1894, ọkùnrin ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Sante Caserio fi ọ̀bẹ gún Sadi Carnot, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, nílùú Lyon. Ọ̀bẹ náà ya iṣan àbọ̀ ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ààrẹ ti kú.

Lásìkò náà, kò sí dókítà tó mọ bí wọ́n ṣe ń rán irú iṣan bẹ́ẹ̀ kó má sì dí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn nílùú náà, Alexis Carrel, tó ku ọjọ́ mẹ́rin péré kó pé ọmọ ọdún 21, kò gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Carrel kò lọ bá àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ nìkan. Lyon jẹ́ ìlú tó lókìkí fún aṣọ sílíkì, torí náà ó lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń fi abẹ́rẹ́ kóṣẹ́ sí aṣọ, ìyáàfin Leroudier, kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo abẹ́rẹ́ tín-ín-rín àti òwú tó fẹ́lẹ́.

Lọ́dún 1902, ó gbé ọ̀nà tirẹ̀ jáde. Ẹnu iṣan ẹ̀jẹ̀ rí roboto, ó sì rọ̀, èyí ló ń jẹ́ kó ṣòro láti rán. Carrel fi òwú so ẹnu iṣan méjèèjì pọ̀ ní ibi mẹ́ta. Bí wọ́n bá fa òwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnu tó rí roboto yóò di onígun mẹ́ta, dókítà yóò sì lè rán ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tààrà bí ẹni ń rán etí aṣọ.

Ó kó lọ sí Àríwá Amẹ́ríkà lọ́dún 1904. Nílùú Chicago, òun àti Charles Guthrie gé iṣan àbọ̀ lára ajá, wọ́n sì rán an sí ojú iṣan àlọ. Ó ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1912, Carrel gba àmì ẹ̀yẹ Nobel.

Lọ́dún 1906 kan náà tí àwọn ìwádìí wọ̀nyí ń lọ lọ́wọ́, dókítà José Goyanes nílùú Madrid lo iṣan àbọ̀ ẹ̀yìn orúnkún láti fi rọ́pò iṣan àlọ tó wú lára aláìsàn rẹ̀. Lọ́dún 1948, Jean Kunlin nílùú Paris fi iṣan àbọ̀ gígùn tó wà lábẹ́ awọ ẹsẹ̀ la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dí.

Èyí túmọ̀ sí pé ìmọ̀ náà ti wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: iṣan aláìsàn lè rọ́pò iṣan aláìsàn. Ohun tó kù ni aorta, tó tóbi ju gbogbo wọn lọ. Iṣan abẹ́ awọ ẹsẹ̀ kéré púpọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò fẹ̀ ju mìlímítà díẹ̀ lọ.

Sílíkì, aṣọ páráṣúùtì àti ẹ̀rọ ìránṣọ

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1951, Charles Dubost nílùú Paris gé aorta tó wú kúrò nínú ikùn aláìsàn kan, ó sì fi èyí tí wọ́n yọ lára òkú rọ́pò rẹ̀. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀.

Àmọ́ iṣan òkú kò rọrùn láti rí, kì í sì í pẹ́ kó tó le tàbí kó tún wú. Àwọn dókítà nílò ohun tí wọ́n lè tọ́jú sórí pẹpẹ, tí yóò wà nílẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀.

Àṣìṣe kan ló ṣí ọ̀nà náà. Lọ́dún 1947, Arthur Voorhees, dókítà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ní Columbia nílùú New York, rí òwú sílíkì kan tó ṣèèṣì kọjá nínú ọkàn ajá kan. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, nǹkan kan tó ń dán ti bo òwú náà, ẹ̀jẹ̀ kò sì dì mọ́ ọn.

Voorhees ronú pé bí ara bá lè bo òwú kan, ó lè bo aṣọ odindi. Ó fi áńkáṣíìfù sílíkì ṣe páìpù, ó sì dán an wò lára ajá. Lẹ́yìn náà ló lo Vinyon N, irú aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe páráṣúùtì. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde wọn jáde lọ́dún 1952.

Nílùú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, Michael DeBakey gbé iṣẹ́ náà síwájú. Ọmọ àwọn aṣíkiri láti Lẹ́bánónì ni, wọ́n bí i nílùú Lake Charles ní Louisiana lọ́dún 1908. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní aṣọ rírán nígbà tó wà lọ́mọdé.

DeBakey lọ sí ilé ìtajà ńlá kan ní Houston láti ra aṣọ náílọ̀nù. Wọ́n sọ fún un pé ó ti tán, àmọ́ aṣọ tuntun kan wà tó ń jẹ́ Dacron. Irú polyester kan ni, ìyẹn ohun tí ọ̀pọ̀ télọ̀ ní Nàìjíríà mọ̀ bí ẹni mowó lónìí. Ó rà á, ó sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ rán an di páìpù.

Nígbà tó di ọdún 1954, ó ti ń lò ó fún aláìsàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn onímọ̀ nípa aṣọ híhun bá a ṣe ẹ̀rọ tó ń hun páìpù náà láìní ojú rírán, àti èyí tó la ẹsẹ̀ méjì bíi ṣòkòtò, kó lè bá ibi tí aorta ti pín mu.

Aṣọ tí èèyàn ń rà lọ́jà ti wá di ohun tó ń gba ẹ̀mí là.

Nígbà tí kòkòrò wọ inú aṣọ

Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni irú àrùn yìí ń ṣe. Lọ́pọ̀ ìwádìí, iye àwọn tó ń bá kì í ju ẹni 5 lọ nínú 100. Àmọ́ bí iṣẹ́ abẹ náà ṣe ń pọ̀ sí i lágbàáyé, bẹ́ẹ̀ náà ni iye àwọn tí ẹni díẹ̀ náà jẹ́ ń pọ̀ sí i.

Kòkòrò lè wọlé lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, láti ara awọ aláìsàn. Ó lè gba inú ẹ̀jẹ̀ wá láti ibòmíràn tí àrùn wà. Ibi tí itan ti pàdé ikùn ló sábà máa ń jẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀, torí pé àgbègbè ibẹ̀ máa ń tutù, kòkòrò sì pọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó mú kó burú ni pé aṣọ kò ní ẹ̀mí. Kòkòrò máa ń lẹ̀ mọ́ òwú rẹ̀, wọ́n á sì pèsè ohun yíyọ̀ kan tó ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Oògùn tó ń pa kòkòrò kì í ráyè wọlé dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà nínú ara kì í rí wọn mú.

Nígbà mìíràn, àrùn náà yóò sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aláìsàn á máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ, títí ibà tí kò ní orísun yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, tàbí tí ọyún yóò máa jáde ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀.

Èyí tó léwu jùlọ ni kí páìpù náà jẹ ìfun lára títí tí àwọn méjèèjì yóò fi lu ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ láti inú aorta yóò wá máa dà sínú ìfun. Aláìsàn lè pọ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lónìí, kó dáwọ́ dúró, kí gbogbo èèyàn rò pé ó ti tán. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè má dáwọ́ dúró.

Ọ̀nà àkọ́kọ́: ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960, ọgbọ́n kan jáde ní ibi méjì tí wọ́n jìnnà síra. William Blaisdell ní San Francisco, àti Jannie Louw nílùú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, gbé ìròyìn jáde lọ́dún 1963 nípa páìpù gígùn tó bẹ̀rẹ̀ láti iṣan abẹ́ èjìká, tó gba abẹ́ awọ ẹ̀gbẹ́ ara sọ̀kalẹ̀ lọ sí itan.

Èyí bọ́gbọ́n mu gan-an fún ẹni tí páìpù inú ikùn rẹ̀ ti kó àrùn. Dókítà lè la ọ̀nà tuntun náà jìnnà sí ibi tí ọyún wà, kó yọ aṣọ tó ti bàjẹ́ kúrò, kó sì rán ìyókù aorta pa bí ẹni di ẹnu àpò.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà pé ó tọ́. Ó gba ẹ̀mí àwọn kan là, àmọ́ ó ní àléébù mẹ́ta tí kò ṣeé fojú fò.

Àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n rán pa yẹn wà láàárín ọyún, agbára ẹ̀jẹ̀ sì ń lù ú tọ̀sán tòru. Ó lè tú láìròtẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Bó bá tú, ẹni tó ń yè é kò pọ̀.

Èkejì, páìpù tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tètè máa ń dí. Àwọn aláìsàn kan padà sórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ léraléra, àwọn mìíràn sì pàdánù ẹsẹ̀ wọn.

Ẹ̀kẹta, aṣọ ṣì ni òun náà. Kòkòrò lè tún wọ̀ ọ́, kí gbogbo wàhálà sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Dallas

Kí ló dé tí wọn kò fi iṣan aláìsàn rọ́pò rẹ̀ látìgbà náà? Ìdáhùn náà ni pé iṣan tí gbogbo dókítà mọ̀, ìyẹn èyí tó wà lábẹ́ awọ ẹsẹ̀, kò fẹ̀ tó. Àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ rí i pé ó máa ń há, ó sì máa ń dí.

Iṣan kan wà tó fẹ̀ jù ú lọ. Ó wà nínú itan, ó sin sáàárín ẹran ara, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan àlọ ńlá itan. Fífẹ̀ rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ òun ni ọ̀nà ńlá tí ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ń gbà padà sínú ọkàn. Ẹ̀rù ń ba àwọn dókítà pé bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹsẹ̀ yóò wú, kò sì ní lọ mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, Michael Schulman ní Amẹ́ríkà ti ń lo iṣan inú lọ́hùn-ún yìí fún àwọn tí iṣan ẹsẹ̀ wọn dí. Ohun tó rí yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù: ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀ kò wú lọ títí.

Ìdí ni pé iṣan àbọ̀ mìíràn tún wà nínú itan, tó wọlé jù ú lọ. Bí dókítà bá fi ìyẹn sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ẹ̀jẹ̀ yóò rí ọ̀nà míì gbà, bí ọkọ̀ ṣe ń gba àdúgbò kọjá nígbà tí wọ́n bá dí ojú títì.

Patrick Clagett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Texas Southwestern nílùú Dallas ló gbé ìmọ̀ náà lọ sínú ikùn. Lọ́dún 1993, wọ́n gbé ìròyìn jáde nípa bí wọ́n ṣe yọ páìpù tó kó àrùn, tí wọ́n sì fi iṣan àbọ̀ ẹsẹ̀ aláìsàn kọ́ aorta tuntun àti ẹ̀ka rẹ̀ méjèèjì sí ojú ibi tí ti àkọ́kọ́ wà.

Wọ́n lo iṣan abẹ́ awọ fún àwọn aláìsàn kan, wọ́n sì lo èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún fún àwọn mìíràn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn gbangba. Ọ̀pọ̀ iṣan abẹ́ awọ há, wọ́n sì dí. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Láàárín ọdún díẹ̀ kan náà, André Nevelsteen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílùú Leuven ní Bẹ́ljíọ̀mù náà gbé ìròyìn tó jọ ọ́ jáde. Ibi méjì tí wọ́n ti gbà pé ọ̀nà náà ṣeé tọ̀ ti wà nìyẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà?

Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni. Ó lè gba wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ikọ̀ oníṣẹ́ abẹ méjì sì sábà máa ń ṣe é pa pọ̀, ọ̀kan lórí itan, èkejì lórí ikùn.

Lákọ̀ọ́kọ́, wọn yóò fi ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara wo iṣan itan, láti mọ̀ bóyá ó fẹ̀ tó, àti pé ẹ̀jẹ̀ kò dì sínú rẹ̀ rí. Wọn yóò wá la itan, wọ́n á sì tú iṣan náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa di ẹ̀ka kéékèèké rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọn kò ní tíì gé e kúrò. Wọn yóò fi í sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ̀jẹ̀ ṣì máa gba inú rẹ̀, títí tí ikùn yóò fi ṣe tán. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń ṣe ti itan lọ́jọ́ kan, wọ́n á sì ṣe ti ikùn lọ́jọ́ kejì, kí agbára aláìsàn àti ti dókítà má baà tán.

Nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́, iṣẹ́ kan ṣì kù. Nínú iṣan àbọ̀, ilẹ̀kùn kéékèèké wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá gbé e síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn náà lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Nítorí náà, wọn yóò yí iṣan náà síta bí télọ̀ ṣe ń yí apá ẹ̀wù, wọ́n á gé àwọn ilẹ̀kùn náà kúrò, wọ́n á sì tún un yí padà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ aṣọ tó kó àrùn, wọ́n á ha gbogbo ẹran tó ti jẹrà kúrò, wọ́n á sì fọ ibẹ̀ mọ́. Bí iṣan kan kò bá fẹ̀ tó ẹnu aorta, wọ́n lè rán iṣan méjì pọ̀ ní ẹnu kan, kó rí bíi ṣòkòtò. Wọ́n tún lè fi ọ̀rá tó bo ìfun yí i ká, kó lè dáàbò bò ó.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ kò ṣòroó yé. Iṣan náà ní ẹ̀mí. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa bọ́ ògiri rẹ̀, oògùn yóò dé inú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà yóò sì wọlé. Kò sí òwú tí kòkòrò yóò sá pamọ́ sí. Ara kò sì ní bá a jà, torí pé tirẹ̀ ni.

Kò sí ọ̀nà tí kò ní àléébù

Ọ̀nà Dallas yìí kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú ikùn rẹ̀ kò lè dúró de ọ̀pọ̀ wákàtí tí wọn yóò fi tú iṣan itan. Àgbàlagbà tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára lè má yè é. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan itan rẹ̀ rí kò ní ohun tí wọn yóò mú.

Kódà fún ẹni tó tọ́ sí, itan tí wọ́n là lè pẹ́ kó tó jinná. Ẹsẹ̀ mìíràn máa ń wú lójijì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà débi pé dókítà gbọ́dọ̀ la awọ rẹ̀ kó lè ráyè mí, kí ẹran inú rẹ̀ má baà kú. Àwọn aláìsàn kan ṣì ń kú.

Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀nà mìíràn fi wà: iṣan òkú tí wọ́n fi sínú yìnyín tó tutù gan-an, aṣọ tuntun tí wọ́n rẹ sínú oògùn rifampicin, àti páìpù tí wọ́n fi awọ tó bo ọkàn màlúù ṣe. Dókítà yóò wo bí aláìsàn ṣe rí kó tó yàn.

Ohun tí iṣan itan fi tayọ ni pé bó bá ti jinná, kì í sábà kó àrùn mọ́, kì í sì í tètè dí.

Ìṣòro náà kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Lọ́dún 1990, Juan Parodi nílùú Buenos Aires ní Ajẹntínà bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n fi ń ti páìpù aṣọ gba inú iṣan itan lọ sínú aorta láìla ikùn. Ó ti di ọ̀nà tí wọ́n ń lò jù lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àmọ́ aṣọ ṣì ni òun náà, kòkòrò sì lè wọ̀ ọ́.

Kí ni ìtàn yìí ní í ṣe pẹ̀lú Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà?

Àwọn ilé ìwòsàn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kò pọ̀ lágbègbè yìí, àmọ́ ìtàn wọn kì í ṣe ti àná. Lọ́dún 1974, ikọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ṣíṣí ní ilé ìwòsàn yunifásítì Nàìjíríà ní Enugu, Magdi Yacoub tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù sì kópa nínú rẹ̀. Nílùú Accra ní Ghana, ọ̀jọ̀gbọ́n Kwabena Frimpong-Boateng ló dá ibùdó iṣẹ́ abẹ ọkàn àti àyà sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Korle Bu.

Ọ̀pọ̀ ọmọ agbègbè yìí ló tún ń lọ ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ lókè òkun, tí wọ́n sì ń padà wálé pẹ̀lú páìpù nínú ikùn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹbí lè má rántí rẹ̀ mọ́, dókítà tuntun sì lè má mọ̀.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó ní páìpù nínú ikùn máa sọ ọ́ fún dókítà èyíkéyìí tó bá lọ rí, kó sì tọ́jú ìwé iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní àwọn àmì wọ̀nyí, ilé ìwòsàn ló yẹ kó lọ kíákíá, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù oògùn:

Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ láìsí ìdí, tí oògùn ibà kò sì wò.

Ibi tó wú, tó gbóná tàbí tó ń ṣe ọyún níbi tí itan ti pàdé ikùn.

Ẹ̀jẹ̀ nínú èébì, tàbí ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ìrora ẹ̀yìn tàbí inú rírun tuntun tí kò lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí

Aṣọ DeBakey kò di ohun ìgbàgbé. Ní ìparí ọdún 2005, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 97, ògiri aorta rẹ̀ ya. Lọ́dún 2006, àwọn dókítà nílùú Houston lo ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ayé, wọ́n sì fi páìpù Dacron rọ́pò ibi tó bàjẹ́. Ó yè é, ó sì lo ọdún méjì sí i kó tó kú lọ́dún 2008.

Torí náà, aṣọ ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣì máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wà nílẹ̀, ó yá, ó sì lágbára.

Àmọ́ fún ẹni tí kòkòrò ti wọ inú aṣọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà padà sí ohun tí Carrel, Guthrie àti Goyanes ti rí láti ọdún 1906, kí ẹnikẹ́ni tó ra Dacron lọ́jà: iṣan àbọ̀ lè ṣe iṣẹ́ iṣan àlọ. Ohun tó pẹ́ ni kí àwọn dókítà tó gbà pé èyí tó tóbi tó wà nínú itan, àti pé ẹsẹ̀ lè yọ̀ǹda rẹ̀.

Yorùbá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Fún àwọn aláìsàn wọ̀nyí, inú ara wọn ni ilé ọ̀hún.